Báwo la ṣe ń bu ọlá fún aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ti papòdà?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìrántí

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Bàbá kan láti ìlú wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tó ṣojú ẹkùn wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà méjì, ti papòdà. Wọ́n wà níbẹ̀ láti 1979 sí 1983, wọ́n sì tún padà lọ láti 1999 sí 2003. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n dákẹ́ náà la sin wọ́n, a sì ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wá fẹ́ fi àdúà ogójì ọjọ́ ṣe ọjọ́ ìrántí. Kò tó oṣù kan mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Kí ló tọ́ ká béèrè lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin fúnra rẹ̀, ta la sì ń kọ ìwé sí? Èkejì, a fẹ́ tẹ ìwé ìrántí, àmọ́ ohun tí kálukú ń sọ nípa iṣẹ́ bàbá kò bára mu. Ẹnì kan ní àwọn ni wọ́n gbé iná mànàmáná wọ̀lú, ẹlòmíì ní àwọn ni wọ́n la ọ̀nà, ẹnì kẹta ní òfin kan wà tó jẹ́ tiwọn. Níbo la ti lè rí òdodo ọ̀rọ̀? Ẹ̀kẹta, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a fi orúkọ bàbá sọ òpópónà kan. Owó tó wà nílẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 3 náírà lọ, àwọn ẹbí ò sì fẹ́ kó parí sórí jíjẹ àti mímu. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.


Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ bàbá, kó sì dá ẹ̀yìn wọn sí.

Ẹ jẹ́ n mú ti Ilé Aṣòfin àti ti òdodo ọ̀rọ̀ pọ̀, torí ibì kan náà ni méjèèjì ti ń wá.

Abẹnugan ni kí ẹ kọ ìwé sí, àmọ́ kó gba ọ́fíìsì Akọ̀wé Ilé (Clerk) kọjá, torí Akọ̀wé ló ń to ètò ìjókòó, òun náà ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà fún ọmọ ilé tó ń ṣojú ẹkùn yín lónìí, kó lè gbé àbá ìbánikẹ́dùn dìde níwájú Ilé. Ìwé tí kò bá ní ọmọ ilé kankan lẹ́yìn kì í pẹ́ sùn sínú fáìlì. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: kí Ilé dìde dúró fún ìṣẹ́jú kan ní ìrántí bàbá, kí wọ́n kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí ẹbí lórí ìwé Ilé, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà àwọn ojú ìwé tí iṣẹ́ bàbá wà. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè, òun ló sì níye lórí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ojú ìwé kan tó fún ìwé náà. Ẹ kọ orúkọ bàbá bó ṣe wà nígbà tí wọ́n búra wọlé, orúkọ ẹkùn ìdìbò bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, sáà méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n bá wọlé ní sáà kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà ẹnì kan tí wọ́n lè pè. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́tò kan tì í. Ilé kì í jókòó lójoojúmọ́, wọ́n sì máa ń lọ sí ìsinmi. Nítorí náà, ẹ béèrè ọjọ́ ìjókòó lọ́wọ́ ọ́fíìsì Akọ̀wé kí ẹ tó fi ohunkóhun sórí káàdì ìpè. Bí ìsinmi bá bọ́ sí àkókò yín, ìbánikẹ́dùn lè dúró di ìjókòó tó kàn, kò bàjẹ́.

Ó wá ku àkọsílẹ̀. Oríṣi méjì ni Ilé ń tọ́jú. Èkíní ni Votes and Proceedings, tó ń sọ ní ṣókí ẹni tó wá, àbá tí wọ́n gbé wá, ẹni tó gbé e kalẹ̀, ẹni tó kín in lẹ́yìn, àti ohun tí Ilé pinnu. Èkejì ni Hansard, tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, láti ẹnu dé ẹnu. Èkíní ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kúrú, ojú á tètè rí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí orúkọ bàbá bá ti jáde sílẹ̀, kí ẹ wá béèrè Hansard ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan. Bí ẹ bá ní "gbogbo ohun tí bàbá sọ láàárín ọdún mẹ́rin", kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò bá yín tú u. Tí ẹ ò bá mọ ọjọ́ kankan rárá, ìwé ìròyìn Herald ti ìpínlẹ̀, tó ti wà láti 1973, lè tọ́ka ọjọ́ fún yín. Ẹ wò ó ní ilé ìkàwé tó bá ní ẹ̀dà àtijọ́.

Ẹ má fi orúkọ nìkan wá a. Orúkọ ẹkùn ni wọ́n fi ń pe ọmọ ilé nínú ìjókòó, orúkọ ènìyàn sì máa ń yí padà lórí ìwé: ẹni tó jẹ́ Mallam ní 1979 lè ti di Alhaji ní 1981, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣíwájú lè di ẹni tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn. Ẹ wá orúkọ àti ẹkùn pa pọ̀.

Níbi ẹkùn yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọ ìwé ìrántí. Ilé ti 1979 kọ́ ni Ilé ti 1999. Ní 1979, ọmọ ilé 42 ló wà ní Kwara, torí ìjókòó 14 tí ìpínlẹ̀ ní ní Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábújà òní (Èkó ni nígbà náà) ni wọ́n fi 3 sọ di púpọ̀. Lónìí 24 ni wọ́n, ìyẹn ìjókòó 6 tí ìpínlẹ̀ ní níbẹ̀ báyìí, lọ́nà 4. Ohun tó fà á ni pé Kwara ìgbà yẹn gba Òkéné, Kábbà àti Bọ̀rgú mọ́ra. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni Kogi yọ, tí apá kan Bọ̀rgú sì lọ sí Niger. Nítorí náà, ẹkùn tí bàbá ṣojú ní sáà àkọ́kọ́ lè má jẹ́ ẹkùn kan náà pẹ̀lú ti èkejì, bí orúkọ tilẹ̀ jọra. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: àwọn tó bá bàbá jókòó nígbà náà tí wọ́n ṣì wà láàyè, àwọn míì nínú wọn ti di ará Kogi tàbí Niger. Ẹ wá wọn, kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ìrántí lẹ́nu wọn.

Ẹ tún yẹ ọdún wò dáadáa. Ilé tó wọlé lóṣù kẹwàá 1979 parí sáà rẹ̀ ní 1983, wọ́n sì dìbò tuntun lọ́dún náà. Ilé tuntun ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ológun fi gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá 1983. Ṣé bàbá padà wọlé nínú ìbò 1983 àbí wọn ò padà? Bí wọ́n bá padà, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí kí ológun tó dé, kì í ṣe ọ̀kan. Fún ẹlòmíì tó bá ń ka èyí: ẹni tó wọlé ní ìjọba alágbádá kẹta kò lè ti lo ọdún mẹ́rin, torí oṣù kìíní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá 1993 ni Abacha sì tú gbogbo rẹ̀ ká. Bó bá sì jẹ́ pé kí ológun àkọ́kọ́ tó dé ni ẹni yín ti sìn, bíi Olóyè J. S. Olawoyin ti Ọ̀ffà, Kàdúná ni kí ẹ lọ, torí Ilé Ìgbìmọ̀ Àríwá ló wà nígbà náà. Kò sí ìpínlẹ̀ Kwara kó tó di 1967.

Ní ti iná, ọ̀nà àti òfin, aṣòfin kì í la ọ̀nà. Ọwọ́ gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà ni iṣẹ́ wà. Àbá ni aṣòfin ń gbé kalẹ̀, tí Ilé bá sì gbà á, ìpinnu ni, kì í ṣe òfin. Ó ń ké sí ìjọba ni, kò de ìjọba mọ́lẹ̀. Àbádòfin ló ń di òfin: wọn á kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọn á jiyàn lé e lórí ní kíkà kejì, ó lọ sí ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, gómìnà wá ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Kì í sábà sí orúkọ ẹni tó gbé e wá lórí òfin tó ti jáde. Ẹ lọ sí ọjọ́ kíkà àkọ́kọ́ nínú Votes and Proceedings, ibẹ̀ lẹ ó ti rí ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ gómìnà ló fi ránṣẹ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́ bàbá lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jà fún un.

Ẹ wá kọ ọ́ báyìí: "Ní ọjọ́ báyìí, wọ́n gbé àbá kalẹ̀ pé kí ìjọba tún ọ̀nà láti ibí dé ibẹ̀ ṣe. Ọmọ ilé láti ẹkùn báyìí kín in lẹ́yìn. Ilé fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún báyìí." Gbólóhùn mẹ́rin yìí bu ọlá fún bàbá ju "wọ́n la ọ̀nà" lọ, torí kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé àbá náà tí ìjọba ò ṣe é, ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nítorí ìlú rẹ̀ tí wọn ò dá a lóhùn sìn náà.


Atẹ̀wé Ìlọrin

Ẹ kú àdúà. Ti ìwé ìrántí ni tèmi.

A5 ni kí ẹ ṣe é, kí ojú ìwé jẹ́ 16, 20 tàbí 24. Ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì gún láàárín, ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá kó 22 wá, ojú ìwé méjì á ṣófo lẹ́yìn, tàbí kí ẹni tó ń tò ó fi ìpolówó ọjà kún un.

Fọ́tò àtijọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò tó wà lára ògiri, gíláàsì rẹ̀ á dán, ojú bàbá á sì funfun. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, kí wọ́n skan-an ní 300 dpi. Bí ẹ bá sì ń fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì fọ́ tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ilé yà pọ̀ jẹ́ ìṣúra, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ láti apá òsì sí ọ̀tún, pàápàá nígbà tí ẹni tó lè dá wọn mọ̀ ṣì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ Yorùbá tó ní àmì, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè ti ara wọn nínú kọ̀ǹpútà bí é àti ò ṣe ní. Lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kọ, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ọ̀ntì tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á fọ́n àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó sọ ọ́ di àpótí òfìfo. Orúkọ bàbá ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí òun ni wọ́n fi fọ́ọ̀ntì aláràbarà kọ. Ẹ fi Charis SIL tàbí Noto Serif kọ ọ́, kí ẹ gbé PDF tí fọ́ọ̀ntì wà nínú rẹ̀ wá, kì í ṣe Word. Kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ẹ gba ẹ̀dà àyẹ̀wò kan lórí ìwé, kí ẹni méjì kà á: ẹnì kan nínú ẹbí fún orúkọ àti ọjọ́, ẹnì kan tó mọ àkọtọ́ fún àmì. Lójú kọ̀ǹpútà nìkan kò tó.

Ẹ má gbàgbé oríkì ilé bàbá. Àwọn ìyá àgbà inú agbo ilé ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ́. Ẹ má lọ da oríkì ìlú tó ń tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ, torí oríkì orílẹ̀ Ìgbómìnà yàtọ̀ láti agbo ilé sí agbo ilé. Bí ìlà kan bá sì kan eégún tàbí òòṣà tí àwọn alfa ẹbí ò fẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹbí fúnra wọn yan ohun tó máa wọ̀wé. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́yìn wọn.


Amòfin Ọ̀ffà

Ẹ kú ìrọ́jú.

Orúkọ òpópónà: ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 kà á mọ́ iṣẹ́ wọn ní kedere, pé àwọn ni wọ́n ń sọ ọ̀nà àti òpópónà lórúkọ, àwọn náà ni wọ́n ń fi nọ́ńbà sí ilé. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú, kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọmọ ilé aṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí ọba kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà náà. Ọ̀nà ńlá tó ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, káńsù kò lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni sọ ọ́, bó tilẹ̀ gba àárín ìlú yín kọjá. Ẹ wá òpópónà inú ìlú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn agbo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ní orúkọ. Orúkọ tí wọn ò kọ sórí pátákó kò túmọ̀ sí pé kò sí orúkọ. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa ló ń jẹ́ orúkọ ilé àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó, ẹni tó bá sì fi orúkọ olóṣèlú bò ó mọ́lẹ̀ ti fa ìjà tí yóò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kí olórí agbo ilé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé kan pé àwọn gbà. Ẹ fi ìwé náà, lẹ́tà ọba àti àpèjúwe ibi tí òpópónà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, tọ kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín lọ. Òun ló máa gbé e síwájú ìgbìmọ̀ káńsù. Bí wọ́n bá ti gbà á, ẹ béèrè ẹ̀dà ìpinnu náà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń yí nìyẹn. Alága káńsù á wá ṣí pátákó, wọ́n á ya fọ́tò, kò sì ní sí ìpinnu kankan nínú fáìlì. Nígbà tí alága míì bá dé, ó lè fi orúkọ ẹlòmíì sí i, kò sì sí ìwé tí ẹ máa fi tako ó.

Pátákó náà: páìpù gálífáníàìsì 2 ínṣì, kí ẹ rì í mọ́ kọnkéré tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ìsàlẹ̀ pátákó wà lókè orí ẹni tó ga. Ẹ fi ṣítì tó ń tan iná padà ṣe é dípò ọ̀dà, torí ọ̀dà kì í pẹ́ ṣí lójú oòrùn àti òjò. Méjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní òpin. Ẹ wá fi orúkọ náà kún Google Maps, kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lè rí i.

Ní ti owó, ẹ má dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 3. Fíforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gba kí ẹ gba orúkọ, kí ẹ ní olùtọ́jú méjì ó kéré tán, kí ẹ kọ ìlànà, kí ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹ sì dúró 28 ọjọ́ bóyá ẹnikẹ́ni á takò ó. Lẹ́yìn náà, ìròyìn ọdọọdún ò ní tán lọ́rùn yín. Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá ti ní ìwé CAC, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ sínú ìwé ìpàdé pé owó ìrántí bàbá nìkan ló wà fún. Ẹni mẹ́ta ni kó jẹ́ olùfọwọ́sí, kí méjì nínú wọn buwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde: ọ̀kan nínú ẹbí, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, ọ̀kan láti ilé ìwé. Owó tó bá wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ olóòótọ́ tó, ìyọnu ni. Bó bá kú, owó náà di ohun ìní rẹ̀ lójú báǹkì, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa lọ sí kóòtù kó tó jáde.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè nítorí aṣòfin tó kú sórí àga, ó tún ní ẹ̀gbẹ́ kan: Abẹnugan á kéde pé àyè ṣófo, INEC ló sì ń ṣètò ìbò láti fi dí i. Ẹsẹ̀ 116 ìwé òfin ní kó má ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí àyè bá ṣófo, àfi bó bá ti sún mọ́ òpin sáà.


Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìrántí

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Òpópónà, a ó fi sílẹ̀ di ẹ̀yìn ogójì ọjọ́, torí ìbuwọ́lù agbo ilé kò ní yá. Ọ̀rọ̀ owó ló ku díẹ̀. Ẹbí ní àwọn ò fẹ́ èlé kankan lórí owó bàbá. Báwo ni owó náà á ṣe máa bímọ? Kí la sì lè ṣe lọ́jọ́ náà gan-an tó bá iṣẹ́ aṣòfin mu, tí kì í ṣe kìkì wáàsí àti ọ̀rọ̀ ìyìn?


Amòfin Ọ̀ffà

Súkúùkù, ìyẹn ìwé ìdókòwò tó bá òfin Ìsìláàmù mu, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì. Ìjọba àpapọ̀ ti ń tà á láti 2017, ọ̀nà ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ ṣe, owó ìyálò ló sì ń san fún ẹni tó rà á, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kì í ṣe èlé. 10,000 náírà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í wà lọ́jà nígbà gbogbo, ìgbà tí wọ́n bá gbé e jáde ni, ó sì máa ń gba ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ojú owó tó padà wá. Kí ó tó jáde, ẹ fi owó náà sí báǹkì tí kì í gba èlé. Àpẹẹrẹ ìṣirò lásán: bí ẹ bá fi mílíọ̀nù 2 sílẹ̀, tí ó mú 10 wá nínú 100, 200,000 náírà ni yóò máa wọlé lọ́dún. Ẹ pinnu láti ìsinsìnyí pé owó yẹn nìkan lẹ ó máa ná, kí ẹ sì máa san owó ìdánwò WAEC tàbí NECO tààrà sí ilé ìwé, kó má gba ọwọ́ òbí. Bí owó ìdánwò bá ń lọ sókè, iye ọmọ ni kí ẹ dín kù, ẹ má fọwọ́ kan ojú owó. Àwọn alfa á sì sọ fún yín pé sàráà járíyà ni, èrè rẹ̀ ń bá bàbá nínú sàréè.


Olùkọ́ Òmù-Àrán

Ẹ ṣe ìjókòó ilé aṣòfin àwọn ọmọ ilé ìwé. Kò náni lówó, ó sì bá iṣẹ́ bàbá mu.

Ẹ kó ọmọ 24 jọ láti àwọn ilé ìwé girama agbègbè yín, torí 24 ni ọmọ Ilé Kwara. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba orúkọ ẹkùn kan, kí ó ka nípa ẹkùn náà: àwọn ìlú tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ohun tó ń dùn wọ́n. Ẹ yan Abẹnugan, igbákejì, olórí àwọn ọmọ ilé láti ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹni méjì míì wà tí kì í ṣe ọmọ ilé: Akọ̀wé, àti ẹni tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi igi gbẹ́ ọ̀pá náà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé bí ọ̀pá kò bá sí lórí tábìlì, Ilé ò tíì jókòó. Bí Ilé bá sì di ìgbìmọ̀ odindi láti yẹ àbádòfin wò, wọ́n á gbé ọ̀pá náà sísàlẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ kì í gbàgbé nìyẹn.

Ẹ fi nọ́ńbà kọ́ wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí Ilé tó lè jókòó, ìyẹn 8 nínú 24. Bí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin, 16 ló lè borí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́sàn-án jáde lọ nígbà tí ìjókòó ń lọ, kí Abẹnugan kà wọ́n pé 15 ló kù, kí wọ́n rí i pé Ilé ṣì lè jókòó àmọ́ kò lè borí gómìnà mọ́.

Àbá gan-an ní ìrísí tirẹ̀. "Ilé ṣàkíyèsí pé..." ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ó ń kọ Ilé lóminú pé..." ló tẹ̀ lé e, ìpalára tó ń ṣe. "Ilé wá pinnu pé..." ni ìparí, tí wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n ń ké sí àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà ni ìparí yìí: wọ́n á ní "kí ìjọba ran wa lọ́wọ́". Ìjọba wo? Ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àbí àpapọ̀? Iléeṣẹ́ wo? Ẹ má gba àbá tí kò bá dárúkọ. Ìṣẹ́jú 3 fún ẹni tó gbé e kalẹ̀, 2 fún ẹni tó kín in lẹ́yìn àti ẹni tó takò ó, kí Abẹnugan wá bi Ilé léèrè. Ìṣẹ́jú 90 tó fún àbá mẹ́ta.

Àbá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí bàbá fúnra wọn gbé kalẹ̀, bí ẹ bá ti rí Hansard rẹ̀ gbà. Kí ọmọ kan kà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí àwọn tó kù jiyàn bóyá ohun tí wọ́n béèrè ti ṣẹ tàbí kò tíì ṣẹ.


Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Ìmọ̀ràn Olùkọ́ yìí dára gan-an. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé tí ẹ bá kọ̀wé béèrè Hansard, ẹ sọ nínú ìwé náà pé àwọn ọmọ ilé ìwé ló fẹ́ lò ó. Ẹ béèrè ẹ̀dà tí Akọ̀wé Ilé fi òǹtẹ̀ lù, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì lásán, kí ẹ lè fi méjì pamọ́: ọ̀kan fún ẹbí, ọ̀kan fún ilé ìkàwé ìlú tàbí ilé ìwé girama tó dàgbà jù lọ́dọ̀ yín. Bí ìwé 1979 sí 1983 kò bá pé mọ́, tàbí tí omi ti bà á jẹ́, ẹ má bínú sí ẹni tó wà lórí àga lónìí. Ẹ gba èyí tó bá wà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sáà 1999, torí ìwé sáà yìí ni ẹ máa tètè rí. Kí ẹnì kan nínú yín tètè lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ lè mọ ọjọ́ ìjókòó tó kàn kí káàdì tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.